Bí ìtọ́jú etí híhó tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè di ti ará Àjàṣẹ́

Bí ènìyàn bá sọ ní agbo ilé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pé ìtọ́jú kan wà fún ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, pé kò sí oògùn níbẹ̀, pé ariwo náà sì lè má dákẹ́ bí ìtọ́jú bá parí, àwọn tó ń gbọ́ á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Kí wá ni ìtọ́jú ọ̀hún ń tọ́jú? Ìbéèrè gidi ni. Ó sì yẹ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn ká tó sọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láti èdè kan bọ́ sí òmíràn, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ìtọ́jú náà ń ṣe ló máa ń rò pé ká sáà ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó tán.

Etí híhó ni kí ènìyàn máa gbọ́ ìró tí kò ti ìta wá. Ẹlòmíràn á ní ó ń dún ṣììì, ẹlòmíràn á ní ó ń ké bí ìrẹ̀ lóru, ti ẹlòmíràn á máa dún gbì gbì gbì, tó bá bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù mu. Ó lè jẹ́ etí kan, ó lè jẹ́ méjèèjì, ó sì lè dà bíi pé àárín orí ló ti ń wá. Àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 740 láyé ló ń gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, àti pé ó jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 120 nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ní Wàńdó ní Àjàṣẹ́ kò dá nìkan wà, kò sì ya wèrè. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ gbólóhùn yìí, torí ìbẹ̀rù pé wèrè ló ń bọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́, tí wọn kì í fi sọ fún ọkọ tàbí aya wọn. Ní 1953, Heller àti Bergman kó 80 ènìyàn tí etí wọn dá ṣáká sínú yàrá tí ariwo ìta kò lè wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Ìdá 94 nínú 100 wọn ló gbọ́ ìró kan tàbí òmíràn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń dún níbẹ̀.

Ohun tó sábà ń wà nídìí rẹ̀ ni pé ìgbọ́ràn ti dín kù. Nínú etí kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì onírun tín-tìn-tín bí 15,000 ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ọpọlọ. Èyí tó bá ti kú nínú wọn kì í hù padà. Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, ọpọlọ tí kò rí ìró tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́ á fi kún agbára tó fi ń gbọ́, títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ iṣẹ́ inú ara tirẹ̀. Ẹni tó ń lọ àgbàdo, ẹni tó ń jó irin, ẹni tó ń la pákó, ẹni tí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ báfù ńláńlá níbi ìnáwó láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo wọn ló wà nínú ewu. Ọjọ́ orí náà ń fà á. Ìdọ̀tí tó di etí lè fà á, ìyẹn sì rọrùn láti yọ. Oògùn kan wà tó ń fà á pẹ̀lú: kínínì tí a ń lò sí ibà, abẹ́rẹ́ gentamicin, aspirin tó bá pọ̀ jù. Kínínì yìí ni mo fẹ́ kí a fojú sí jù nílẹ̀ wa, torí ọ̀pọ̀ ló ń rà á lọ́jà, tí wọ́n ń dá a lò fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ àgbàdo. Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ń dún, kò rántí etí. Lálẹ́, ó dùbúlẹ̀, fáànù ń fẹ́, oorun ń bọ̀. Iná bá lọ. Fáànù dákẹ́, ilé dákẹ́, ìró inú etí bá jáde gbangba, ṣììììì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ó ti tún dé. Mi ò ní sùn mọ́ lálẹ́ yìí. Bó ṣe máa rí nìyí títí máa fi kú." Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àyà jíjá mú kí ara rẹ̀ wà lójúfò, ara tó wà lójúfò ń wá ohun tó lè jẹ́ ewu, ohun kan ṣoṣo tó sì rí gbọ́ nínú òkùnkùn ni ìró yẹn. Bó ṣe ń tẹ́tí sí i ló ń le sí i. Lọ́jọ́ kejì, ara ti rẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ oníbàárà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́, kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́.

Ohun méjì ló ń dà á láàmú, bó tilẹ̀ dà bí ẹyọ kan lójú rẹ̀. Ìró náà wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù, àìsùn, ìbínú àti ìfàsẹ́yìn kúrò láàárín àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń pa ìró ọ̀hún. Èkejì ni ìtọ́jú tí mo ń sọ yìí, tí a lè pè ní ìtọ́jú ìrònú àti ìwà (CBT lédè Gẹ̀ẹ́sì), ń bá jà, ó sì lágbára níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kì í ta jí mọ́ nígbà tí ládáànì bá gbóhùn sókè lásùbáà. Àlejò tó sùn mọ́jú níbẹ̀ ló máa fò dìde. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ onílé ti mọ̀ pé kò sí ewu níbẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú yìí ń mú aláìsàn lọ, díẹ̀díẹ̀: ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dẹ ara, bí a ṣe ń yẹ èrò tó ń dẹ́rù bani wò, bí a ṣe ń darí ọkàn síbòmíràn, bí a ṣe ń tún oorun ṣe, bí a ṣe ń fi ìró rọlẹ̀rọlẹ̀ sí yàrá kó má dákẹ́ rọ́rọ́. Ní 2020, àwọn tó ṣe àyẹ̀wò ìwádìí 28 tí ènìyàn 2,733 kópa nínú wọn rí i pé ó lè dín ìnira tí etí híhó ń mú bá ìgbésí ayé kù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìṣòro ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, kódà ní Yúróòpù. Ìdí nìyẹn tí Gerhard Andersson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Swídìn fi gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 2002. Ó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló dá a dúró lágbedeméjì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí i pé ó yẹ kí ẹnì kan máa tọ́ aláìsàn sọ́nà, kó máa ka ohun tó kọ, kó máa dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó dé Jámánì, ó dé Ọsirélíà, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, Eldré Beukes àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé èyí tí ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà kò rẹ̀yìn sí èyí tó ń lọ bá oníṣègùn ṣe lójúkojú ní ilé ìwòsàn.

Ibi tó yẹ ká kíyè sí nìyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí Vinaya Manchaiah àti Beukes ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Texas, èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, síbẹ̀ wọn ò gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ padà, wọ́n sì mú kí ìwé náà rọrùn dé ìwọ̀n tí ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà lè kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é ní èdè Sípéènì fún àwọn tó ń sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá gba irú làálàá bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà, ẹ fojú inú wo ohun tó máa gbà kó tó dé Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tó lè bàjẹ́ ni ìlérí. Bí ojú ewé àkọ́kọ́ bá sọ fún aláìsàn pé "ìtọ́jú yìí á wo etí yín sàn", yóò dúró de ọjọ́ tí ìró máa dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìró kò dákẹ́, yóò ní wọ́n purọ́ fún òun, yóò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ìtọ́jú náà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó yẹ kó kà ni pé: "Ìró náà lè máa wà níbẹ̀. A fẹ́ bá yín ṣe é kó má lè gba oorun yín mọ́, kó má lè lé yín kúrò láàárín àwọn ènìyàn yín." Kò dùn létí tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, òótọ́ yìí sì ni ìtọ́jú náà dúró lé lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ṣíṣe. Wọ́n á ní kí ènìyàn dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, lóun nìkan, kó máa dẹ iṣan ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibo ni yàrá ọ̀hún wà nínú agbo ilé tí ọmọ mẹ́rin ń sùn nínú iyàrá kan? Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ lọ́nà tí ènìyàn fi lè ṣe é lórí àpótí lẹ́yìn ilé, tàbí lórí ẹní lẹ́yìn ìrun àsùbáà kí àwọn ará ilé tó jí. Wọ́n á ní kó fi ọkàn rìn nínú igbó kan tó tutù, tó dákẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹn ń tu ènìyàn lára. Ẹ wá sọ ọ́ fún ìyá arúgbó kan ní Kétu, pé kó fojú inú rí ara rẹ̀ nínú igbó, lóun nìkan, níbi tí ohun kankan ò ti dún. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tàbí ọ̀rọ̀ Orò tí obìnrin kì í rí. Àyà rẹ̀ á tún já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ dára jù fún un. Ará Àjàṣẹ́ lè fi ọkàn gbà afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà. Ará Ṣábẹ lè jókòó sí ìdí àwọn òkúta ńláńlá tó yọrí lókè ìlú rẹ̀. Ní ti ìró rọlẹ̀rọlẹ̀ òru, fáànù kì í ṣe ohun tí a lè gbọ́kàn lé, torí iná. Rédíò kékeré oní píìlì, tí a yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ìró etí ṣì ń dún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn á ṣiṣẹ́ bí iná wà, bí kò sí.

Apá tó nira jù lójú tèmi ni ti èrò. Ìtọ́jú náà máa ń ní kí aláìsàn kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, kó wá bi í léèrè pé, "Ẹ̀rí wo lẹ ní?" Ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayé ló wà nídìí rẹ̀, pé ẹnì kan ló fi ìró yẹn ránṣẹ́. Bí ọmọdé kan tó jẹ́ olùtọ́sọ́nà bá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àgbà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, àrífín ni, ìjíròrò sì ti parí nìyẹn. Kò pọn dandan kí ìtọ́jú bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó lè béèrè ni: "Bàbá, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló fúyẹ́ díẹ̀? Kí lẹ ń ṣe lọ́jọ́ yẹn?" Bàbá á ronú, á ní ọjọ́ tí ọmọ ọmọ òun wá kí òun ni, tàbí ọjọ́ tí òun ń tún alùpùpù ṣe. Ìdáhùn yẹn nìkan ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ó ti fúnra rẹ̀ rí i pé ìró náà kì í le bákan náà ní gbogbo ìgbà, àti pé ọwọ́ òun ká nǹkan kan níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ máa gbàdúrà sí i, kó máa gbà á.

Bí olùtọ́sọ́nà ṣe ń kọ̀wé ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á pe orúkọ aláìsàn, wọ́n á ní ó ṣe dáadáa, wọ́n á sì bọ́ sórí iṣẹ́. Níbí, ẹni tí kò bá kí ni tí kò béèrè ilé àti ọmọ kò tíì sọ nǹkan kan. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ oorun lè wọlé. Ìkíni yẹn ló ń sọ fún ìyá náà pé ènìyàn ló wà lódì kejì.

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé "ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́" ni mo kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ ló jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ìwé. Wọ́n ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á. Àwọn tó kọ́ ọ kà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sì kọ́ ọ pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ìgbìmọ̀ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1975. Nínú ìyẹn, "ẹ̀pà" ni wọ́n ń kọ ní "ɛ̀kpà", "ọṣẹ" sì jẹ́ "ɔshɛ". Ìwé tí wọ́n bá kọ ní Ìbàdàn, bó ti wù kó dára tó, ojú rẹ̀ á ṣàjèjì sí wọn. Ètò náà ní Gẹ̀ẹ́sì ní orí 22 tí wọ́n ń kà fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tí kíkà ń ni lára kò ní dé orí kẹta. Nítorí náà, ohùn ló yẹ kó ṣáájú, kí ìwé máa tẹ̀lé e: ohùn kúkúrú tí ènìyàn lè gbà lórí WhatsApp, tí kò ní jẹ mégà púpọ̀, tó lè gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jìnnà. Ará Ṣábẹ gbọ́ Yorùbá ti rédíò Nàìjíríà dáadáa, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nípa ohun tó ń dẹ́rù bà á lóru yẹ kó dún bíi ti ará ilé.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìnira tún wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Tinnitus Handicap Inventory, jáde ní 1996. Ó ní ìbéèrè 25, ìdáhùn mẹ́ta ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àròpọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju 100 lọ. Ọ̀kan nínú ìbéèrè rẹ̀ mẹ́nu kan jíjáde lọ jẹun alẹ́ àti lílọ wo sinimá. Ẹni tí kì í lọ sí sinimá á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, etí òun kò dí òun lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ó ti tó ọdún kan tí kò ti lè jókòó síbi ìnáwó nítorí báfù. Ìnáwó, ìsọmọlórúkọ, wáàsí, ìpàdé ẹgbẹ́: àwọn ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ìbéèrè tó ní "kò" tàbí "kì í" nínú. Bí ẹ bá bi wá pé, "Ṣé ẹ kì í sùn dáadáa?" tí a sì dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni", ohun tí a ń sọ ni pé òótọ́ ni, a kì í sùn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "yes" sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè túmọ̀ sí pé à ń sùn dáadáa, àmì tí wọ́n fún aláìsàn á sì lọ sódìkejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra fún irú èyí ni pé ènìyàn méjì á túmọ̀ ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi méjèèjì wé ara wọn, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì á tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè rí ibi tó ti yẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n jókòó ti àwọn tí etí wọn ń hó, ẹni tó ń lọ àgbàdo, aránṣọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n ka gbólóhùn kan fún wọn, kí wọ́n sì ní, "Ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín." Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́, tàbí tí wọ́n rẹ́rìn-ín tìjútìjú, ibẹ̀ ni àtúnṣe kù sí.

Fóònù pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù kan ni ọkọ, aya àti ọmọ jọ ń lò. Ohun tí ìyàwó bá sọ nípa ìbẹ̀rù rẹ̀ lóru lè bọ́ sétí àbúrò ọkọ ní àárọ̀. Òfin ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2018 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àìlera ènìyàn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín. Ètò tó bá mọ ilẹ̀ yìí á jẹ́ kí ènìyàn lè pa ohùn tó ti gbọ́ rẹ́, á sì jẹ́ kó yan wákàtí tí wọ́n máa kọ̀wé sí i.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó gba ipò dókítà. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrònú, ó yẹ kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní ORL, ti yẹ etí rẹ̀ wò. Wọ́n wà ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kútọnu. Bí ìró bá wà ní etí kan ṣoṣo, bó bá ń lù pẹ̀lú àyà, bí òòyì bá bá a wá, ẹ má fi falẹ̀. Bí etí bá ṣàdédé di, tí ẹ kò gbọ́ràn mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, torí oògùn wà fún un, agbára oògùn náà sì ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń lo kínínì ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó kọ oògùn fún yín. Bí ẹ bá sì ń rò pé ó sàn kí ẹ kú ju kí ẹ máa gbọ́ ìró yìí lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lónìí, kí ó sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn.